Adìyẹ Ọ̀gá, Ẹ̀mí Ọmọ Mẹ̀kúnnù

Ẹ̀yin ará Ìsàbà, ẹ̀yin ará Pobẹ̀ àti ti Sakẹ́tẹ́, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ lónìí tó yẹ kí gbogbo wa jókòó tì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ní Ìsàbà. Ojú rẹ̀ pọ́n koko bí ẹni tó ti ń sunkún láti àárọ̀. Kò sunkún. Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ló ta á lójú. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti ń ṣiṣẹ́ ní oko adìyẹ olówó kan: òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń pọnmi fún wọn, òun ló ń kó ìgbẹ́ wọn, òun náà ló ń ṣa òkú wọn. Iṣẹ́ tuntun ni. Nígbà tó rí i, gbogbo agbolé ló bá a yọ̀. Ìyá rẹ̀ se ẹ̀wà fún àwọn ará àdúgbò.

Lábẹ́ iná, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú wa. Awọ wọn ti bó. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, òkú adìyẹ 21 ni òun ṣà, ọwọ́ lásán ni òun sì fi ṣà wọ́n sínú àpò. Ó bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá àrùn ni. Ọ̀gá ní ooru ni. Ó bi í bóyá òun lè rí ìbọ̀wọ́ gbà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹni tó ṣe é ṣáájú rẹ kò béèrè ìbọ̀wọ́. Ṣebí ọmọ Ọ̀họ̀rí ni ọ́? Ṣé ẹ̀rù adìyẹ ló wá ń bà ọ́?"

Ọmọ náà wá bi wá léèrè: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, àbí kí n fara dà á?"

Ìwé kíkà dúró lálẹ́ ọjọ́ náà. A gbé ẹfun àti gègé sílẹ̀, a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀kọ́.

Bàbá kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọmọ náà fara dà á, nítorí pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi bàbá léèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: oyin yìí, ta ló ń lá a? Àáké tó ń ya lẹ́nu, ara ọmọ yìí ni. Oyin tó ń jáde, ilé ọ̀gá ló ń lọ. Ẹni tó ni àáké tó sì ni oyin ni òwe náà ń bá wí. Kò sọ pé kí ọmọ ẹnìkan máa fi ẹyinjú rẹ̀ la àpáta kí ẹlòmíràn lè jẹun.

Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì dá ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ó ní: "Ẹ dákẹ́ ná. Ta ni yóò bọ́ ìyá rẹ̀? Bó bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí ló kù? Ṣé kí ó lọ máa fi alùpùpù gbé epo kpayo láti Nàìjíríà, kí iná jó o lójú ọ̀nà ni? Àbí kí ó lọ máa ru bíríkì ní Èkó?" Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wúwo, n kò sì ní fojú kékeré wò ó. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ tálákà pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò bi í ohun tí yóò jẹ lọ́la, afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́ lẹ́nu. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìyá yìí. A óò padà sí i.

Ọ̀dọ́ kan tún ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un, kí wọ́n ṣe ìfúnpá fún un, ó tán. Èmi kò bá oògùn baba wa jà. Ṣùgbọ́n àrùn tó ń bá èémí wọ inú ènìyàn kì í béèrè apá ibi tí ìfúnpá wà.

Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà ti adìyẹ ni o, yálà ti ẹlẹ́dẹ̀, ti màálù tàbí ti ajá, tí o sì ń ka ojú ewé yìí, ìwọ gan-an ni mo kọ ọ́ sí. Jẹ́ ká wo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá ní ooru ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ooru máa ń pa adìyẹ, pàápàá nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe mọ̀? Ó pe dókítà ẹran bí? Kò pè é. Ó la inú òkú adìyẹ kan wò bí? Kò là á. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ ooru ni. Bó bá jẹ́ àrùn, ìjọba yóò dé, wọn yóò pa gbogbo adìyẹ tó kù, wọn yóò ti oko pa, owó ńlá yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni ó ṣe fi ẹnu sọ ọ́ di ooru, tó sì fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ wádìí bóyá òótọ́ lòun sọ. Bí ọmọ náà kò bá ṣàìsàn, ooru ni. Bó bá ṣàìsàn, wọn yóò ní ibà ni.

Àwọn kan ń sọ pé adìyẹ kò lè pa ènìyàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Onígbólò lè gé ọwọ́ ènìyàn. Kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣeré. Adìyẹ ni a kò kà sí nǹkan, nítorí pé a bí wa bá a nínú àgbàlá. Ẹ gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní oṣù Kejì 2006, wọ́n rí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní H5N1 ní oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní Nàìjíríà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007, ó pa obìnrin ọmọ ọdún 22 kan ní Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 yẹn kan náà, ó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: Kútọnu àti Adjarra ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Sakẹ́tẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́ mọ̀ pé Adjarra kò jìnnà sí wa. Ní 2021, ó tún padà wá sí orílẹ̀-èdè wa.

Láti 2003 títí di ìsinsìnyí, àwọn tí wọ́n mọ̀ dájú pé àrùn yìí mú ní gbogbo àgbáyé lé ní 900, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì kú. N kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni lásán. Àrùn náà kì í ran ènìyàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó ń jẹ adìyẹ tó jinná dáadáa kò ní ohun tó ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó sábà máa ń mú: ẹni tó ń ṣa òkú adìyẹ, ẹni tó ń tu ìyẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹran náà lórí tábìlì kò sí lára wọn. Ẹni tó ni oko, tó ń fi ọkọ̀ wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láti wá ka ẹyin, kò sí lára wọn. Ìwọ ni.

Kò sì dúró sára rẹ. Bàtà tí o wọ̀ nínú ilé adìyẹ ni o wọ̀ wálé. Ẹ̀wù tí ìgbẹ́ ta sí ni ìyá rẹ ń fọ̀ nínú ọpọ́n. Ọ̀nà tí àrùn adìyẹ ń gbà rìn láti oko dé oko nìyẹn: bàtà, aṣọ, táyà kẹ̀kẹ́, àgò tí a fi gbé adìyẹ lọ sọ́jà. Adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ, àpótí owó rẹ̀ ni. Nínú wọn ló ti ń san owó ilé ìwé, nínú wọn ló ti ń ra oògùn ibà. Bí wọ́n bá kú tán ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá rẹ kò ní wá sanwó wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yìí béèrè ìbọ̀wọ́, kì í ṣe ojo ló ṣe. Gbogbo àdúgbò ló béèrè rẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, a ṣáà ti kọ́ ọ. Oko tó ní adìyẹ 1,000 tó ń yé dáadáa máa ń kó ẹyin tó tó 800 lóòjọ́. Ọgbọ̀n ẹyin ló wà nínú àwo kan. Ìyẹn jẹ́ àwo 26, ẹyin sì tún ṣẹ́kù. Ojoojúmọ́ ni. Nínú owó àwo 26 yìí, ṣé owó bàtà rọ́bà kan, owó ìbòmú, owó ìbọ̀wọ́ àti owó ọṣẹ kò lè jáde ni? Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí láti oṣù Kìíní 2023 jẹ́ 52,000 fránkì CFA. Ẹ bi ọmọ tó wà níwájú wa iye tí wọ́n ṣèlérí fún un. A bi í. Kò tó ìdajì rẹ̀.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé: "Ẹni tó bá mọ ẹranko rẹ̀, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, ewu kan kò lè wu ú." Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹran ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tuntun, wọn kì í sì í parọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ dá wọn lóhùn. Ọgbà ẹranko wà ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 2024, kìnnìún pa ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tó lọ fún un lóúnjẹ. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tuntun o. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti bí àwọn kìnnìún náà sínú ọgbà yẹn, láti ìgbà náà ló sì ti ń tọ́jú wọn. Ó mọ̀ wọ́n ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n pa kìnnìún náà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ìyẹn jí òkú?

Olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé ó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tó fún wọn lóúnjẹ tán ni. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀, òǹkàwé mi. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ta ni kì í gbàgbé? Ẹ̀yin ìyá, ẹ kò tíì gbàgbé ìkòkò lórí iná rí? Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ènìyàn kan ṣoṣo bá gbàgbé ohun kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún mẹ́sàn-án, ikú ló dé, ìṣòro iṣẹ́ yẹn ju ìgbàgbé lọ. Ó yẹ kí ilẹ̀kùn kejì wà. Ó yẹ kí ẹnìkejì wà níbẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ. N kò mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà, n kò sì fẹ́ ṣèdájọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé a máa ń yára dárúkọ àṣìṣe òṣìṣẹ́, a sì máa ń lọ́ra láti béèrè ìdí tí àṣìṣe kékeré fi lè pa ènìyàn.

Ní oko adìyẹ, kò sí kìnnìún. Ṣùgbọ́n ajá sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ oko lóru, ọmọ tuntun ni wọn yóò sì ní kó máa bọ́ ọ. Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ rí. Bí ajá bẹ́ẹ̀ bá bù ọ́ jẹ, tàbí tí èyíkéyìí nínú wọn bá bù ọ́ jẹ láìnídìí, má lọ fi epo pupa ra ojú ọgbẹ́, má sì dúró wo bí yóò ti rí. Fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí o sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ yẹn gan-an fún abẹ́rẹ́. Àrùn dìgbòlugi, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ènìyàn lórí, kò sí dókítà tó lè gbà á mọ́. Wọ́n fojú bù ú pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún ní àgbáyé, ajá ló sì fa gbogbo rẹ̀, àfi díẹ̀. Láti 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọdé kan ní Faransé ní abẹ́rẹ́ yìí ni oògùn rẹ̀ ti wà. Ọdún tó ti kọjá láti ìgbà náà ti lé ní 130. Ẹ̀gbin ni pé ọmọ wa ṣì lè kú ikú yìí nítorí pé ọ̀gá kò fẹ́ náwó abẹ́rẹ́ fún ajá.

Ti màálù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olówó ló ń ra màálù báyìí tí wọ́n ń fi sí ọwọ́ Fúlàní tàbí ọmọ wa. Bí màálù bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń ti imú tàbí ìdí rẹ̀ jáde, má fi ọ̀bẹ kàn án, má bó awọ rẹ̀, má pín ẹran rẹ̀, ohun yòówù tí olówó lè wí. Àrùn anthrax ni ó lè jẹ́. Ó jà ní àríwá Gánà ní oṣù Kẹfà 2023, ó sì jà ní ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún kan náà. Bí oyún bá bàjẹ́ lára màálù, má fi ọwọ́ lásán fa ọmọ àti olóbì rẹ̀. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ fún oṣù púpọ̀, tí a máa ń pè ní ibà iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti lè wọlé. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Àwọn darandaran mọ púpọ̀ nínú rẹ̀ jù mí lọ.

Ó wá ku ìbéèrè ọmọ náà: ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń dà wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ líle wà, iṣẹ́ ewu wà. Kí ènìyàn jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀, kí ó gbé àpò oúnjẹ adìyẹ, kí òógùn bò ó, kí òórùn ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé àwọn ọmọbìnrin ń sá fún un, iṣẹ́ líle nìyẹn. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí, n kò ní gbè é lẹ́yìn. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí baba wa ń ro kò rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ́ sínú ohun tó lè pa ọ́ tàbí tó lè fọ́ ọ lójú, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí kò wọ́n lè dá a dúró, tí wọ́n sì mọ̀, tí wọn kò ṣe é, iṣẹ́ ewu nìyẹn. Kò sí owó oṣù tó tó o.

Òfin kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, nọ́mbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1998, sọ pé dandan ni kí agbanisíṣẹ́ ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé bó bá wù ú. Àjọ àgbáyé tó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní OIT, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti 1960, ṣe àdéhùn kan ní 1981, nọ́mbà 155. Ó wà nínú rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ nítorí pé ó ní ìdí tó yè kooro láti gbà pé ewu ńlá wà níbẹ̀ tó fẹ́ bú jáde, wọn kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2022, àjọ náà fi àdéhùn yìí kún àwọn tó jẹ́ ìpìlẹ̀, tí gbogbo orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ìlànà wọn, yálà wọ́n ti fọwọ́ sí i tàbí wọn kò tíì fọwọ́ sí i.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo èyí. Ọmọ tó ń ṣa òkú adìyẹ kò gbọ́ Faransé. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí a fi ń ka ìwé ní èdè wa, kí ó wo ibí yìí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1974, ìjọba ìgbà náà kéde ní Abomey pé ọ̀nà tuntun la gbà, pé ìrẹ́nijẹ yóò dópin nílẹ̀ yìí. Ìjọba náà kógbá wọlé ní 1990. Ìrẹ́nijẹ kò bá a lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni mò ń sọ fún ọ. Má dá lọ bá ọ̀gá. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà ní oko yẹn? Ẹ pé jọ, ẹ fi ẹnu kò, bí a ti ń ṣe nídìí àáró, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti dá ro oko rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, kí ó mọ, kí ó ṣeé kà lórí ìka: bàtà àti aṣọ tí yóò máa sun oko, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ fún ajá, kí wọ́n pe dókítà ẹran bí òkú bá ti ń pọ̀. Ẹ dá ọjọ́ fún un. Títí ọjọ́ náà yóò fi pé, ẹ máa ṣe iṣẹ́ tí kò léwu, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan òkú adìyẹ. Bí ọjọ́ bá pé tí kò sí nǹkan kan, jáde. Má jáde ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá yọ́ lọ lóru gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ó fi ihò náà sílẹ̀ láìdí i fún ẹni tó ń bọ̀.

Ìyá oníresì, mo ní a óò padà sí ọ̀rọ̀ yín. Òótọ́ lẹ sọ, ebi wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò owó tí ẹ óò ná bí ọmọ yìí bá dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ta ni yóò bọ́ ìyá rẹ̀ nígbà náà? Ọ̀gá kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, kò sì sí ìwé kankan láàárín wọn. Bí ó bá fi ojú fọ́, òun àti ẹ̀yin ni ẹ óò jọ máa fà á. Ebi ti oṣù kan ṣeé pín. Àdúgbò tó lè dá èsúsú fún ìgbéyàwó àti fún òkú lè dá a fún ọmọ tó fi iṣẹ́ ewu sílẹ̀ títí yóò fi rí òmíràn. Bí a kò bá lè ṣe èyí, kí a má tún pe ara wa ní ará àdúgbò kan náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. Ọ̀gá náà ní: "Ṣebí ọmọ Ọ̀họ̀rí ni ọ́?" Ó fẹ́ fi orúkọ àwọn baba wa di okùn mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Jẹ́ kí n bi ọ́, ìwọ òǹkàwé: kí ni àwọn baba wọ̀nyẹn ṣe tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní akọni? Láti 1914, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, àwọn Faransé fẹ́ kó àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí lọ sójú ogun, wọ́n fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn, wọ́n fẹ́ fi tipátipá kó wọn ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kọ̀. Wọ́n dìhámọ́ra, wọ́n sá sínú igbó àti sínú ilẹ̀ amọ̀ tí omi máa ń bò nígbà òjò, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn Faransé mọ̀ pé àwọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Kíkọ̀ ni akin tí wọ́n ní. Ẹni tó ní kí ọmọ Ọ̀họ̀rí má bẹ̀rù, kí ó máa ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe, kò mọ ìtàn wa, tàbí kó mọ̀ ọ́n, kó fẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀.

Ẹ óò fẹ́ mọ bó ti parí. Ọmọ náà àti àwọn méjì míràn lọ bá ọ̀gá ní ọjọ́ Ajé. Ó pariwo, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ní ọjọ́rú, ó mú ìbọ̀wọ́ wá: ìbọ̀wọ́ kan fún ènìyàn mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n máa pín in lò. Dókítà ẹran kò dé. Àwa ará kíláàsì jókòó, a kọ lẹ́tà ní èdè wa, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú wa kọ rí, olùkọ́ ilé ìwé kan bá wa fi Faransé kọ ọ́, a sì fi rán ẹnìkan lọ bá dókítà ẹran. Ó wá ní ọjọ́ kẹta, ó mú òkú adìyẹ méjì lọ fún àyẹ̀wò. A ṣì ń retí èsì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn àti ẹnìkan jáde. Ẹnìkẹta dúró. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. N kò bú u, ẹ má bú u. Ọ̀gá yọ owó ọ̀sẹ̀ kan kúrò nínú owó àwọn tó lọ, a ó sì bá a dé ọ́fíìsì alábòójútó iṣẹ́ lórí ìyẹn.

Àmọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá ti rí ẹlòmíràn: ọmọdékùnrin kan láti apá Tówẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kò mọ ìwé kà. Kò sì tíì mọ ìdí tí àyè fi ṣófo. Ó ti wà nínú ilé adìyẹ náà ní àárọ̀ yìí, ó ń ṣa òkú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wọn, ẹ lọ ka ojú ewé yìí sí i létí kí ilẹ̀ tó ṣú.